Àgbàrá Ọ̀nà Ọlọ́dà àti Odò Tí A Ń Mu



Àgbàrá kò ní òun kò ní wó ilé. Onílé ni kò ní gbà fún un. Ilé nìkan ni a máa ń rò bí a bá ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbàrá ń kó láti ojú ọ̀nà ọlọ́dà lọ sínú odò ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ilẹ̀ oníkoríko a máa fa omi mu. Ọ̀dà kì í mu ún. Epo tí ọkọ̀ ń kán sílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú irin ara bíréèkì, àti rọ́bà tí ń jẹ lára táyà, gbogbo wọn ni ó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà de òjò. Nítorí náà ni àgbàrá òjò àkọ́rọ̀ fi máa ń dọ̀tí jùlọ.

Ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, ẹja sámọ́nì tí a ń pè ní coho a máa ti inú òkun wọ àwọn odò kéékèèké ìlú Seattle láti yé ẹyin. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a kú láàárín wákàtí díẹ̀, tẹyintẹyin nínú. Ó pẹ́ kí a tó mọ ohun tí ń pa wọ́n. Ní 2020 ni àwọn onímọ̀ kéde rẹ̀: 6PPD, èròjà tí a ń pò mọ́ rọ́bà táyà kí ó má baà tètè sán, ni ó ń di májèlé nígbà tí afẹ́fẹ́ ozone bá kàn án. Èmi kò wí pé ẹja tiwa yóò kú bẹ́ẹ̀. Sámọ́nì mìíràn, chum, ń yè nínú omi kan náà. Ṣùgbọ́n táyà tí ó ní èròjà yìí ni ọkọ̀ tiwa náà ń lò.

Kí a tó mọ orúkọ májèlé náà rárá ni wọ́n ti rí àtúnṣe. Wọ́n jẹ́ kí àgbàrá ọ̀nà sẹ́ gba inú iyanrìn àti ajílẹ̀ ewé kọjá. Coho tí a kó sínú omi tí ó jáde níbẹ̀ kò kú.

Ẹ wo adágún Ẹlẹ́yẹlé, èyí tí a sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe ní 1942 kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ìlú ti yí i ká báyìí. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá gbé àwòrán ọ̀nà titun wá sí ààfin, ẹ bi í léèrè ibi tí omi gọ́tà yóò já sí. Bí ó bá ní inú odò tààrà ni, ẹ má ṣe gbà. Kí omi kọ́kọ́ gba ojú ìṣàn fífẹ̀ tí kò jìn, tí koríko kún, kí ó sì dúró nínú kòtò kan títí yóò fi tòrò. Kí kòtò náà jìnnà sí kànga. Ilẹ̀ ni èyí ń gbà ju owó lọ, ilẹ̀ etídò kan náà tí àwọn ìdílé wa ń tà. Ẹ̀yin ìjòyè nìkan ni ẹ lè dá a sí.

Ẹrẹ̀ tí a bá sì kó nínú kòtò náà, kí a má ṣe dà á sí etí odò, nítorí òjò kan ṣoṣo ni yóò gbé e wọ inú omi padà.