Pípa Ìrántí Ẹ̀rọ Rẹ́ Kì Í Ṣe Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òrò

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti àwọn ẹnjiníà nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ wa ni.

Ní ibi tí àwa ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kan wà nínú àpótí irin lára ògiri. Òun ni ó ń ṣọ́ wa. Bí ẹnìkan bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, tàbí tí ó tẹ bọ́tìnì pupa, kọ̀ǹpútà ààbò yìí ni yóò dá ẹ̀rọ dúró. Ọpọlọ méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣe ìṣirò kan náà, wọ́n sì ń yẹ ara wọn wò. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, wọn yóò dá iṣẹ́ dúró, iná pupa yóò tàn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń ṣe. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á ni.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, iná pupa yìí bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìta. Ó pa gbogbo ìrántí kọ̀ǹpútà náà rẹ́, ó sì tún ètò tí ó ń darí rẹ̀ kọ sí i. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú àwọn ọ̀gá dùn. Ní ọjọ́ kẹta, iná pupa tún tàn. Ó tún pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa mọ èèkan. Bí a bá bẹ́ orí rẹ̀ tí a fi gbòǹgbò sílẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò jí i padà.

A kò sọ pé pípa ìrántí rẹ́ burú. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ pàápàá máa ń ní kí a ṣe é nígbà mìíràn, bí iná mànàmáná bá ti da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n ewu méjì wà níbẹ̀. Èkíní, àkọsílẹ̀ àìsàn tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ lè bá a lọ. Èkejì, ohun tí a dá padà lè má jẹ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ewu kejì yìí ni ó fẹ́ bá wa. Ní ìgbà kẹrin, ọ̀gá ní, “Ẹ tan ẹ̀rọ, àkókò ń lọ.” A ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dán an wò.” Ó bínú, ṣùgbọ́n a kò mira. A tẹ bọ́tìnì pupa, ẹ̀rọ dúró. A ṣí ilẹ̀kùn kìíní, ó dúró. A ṣí èkejì, ó dúró. A ṣí ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ń yí lọ gbirigbiri. Ara wa gbọ̀n. Ẹ̀dà àtijọ́ ni ọmọkùnrin náà kọ sí i, èyí tí wọ́n ti ṣe kí a tó fi ilẹ̀kùn kẹta sí ẹ̀rọ. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ìyá kan nínú wa ti ń fọwọ́ kó àjákù jáde láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìyá yìí kan náà ni ó gbà wá. Ó ti ń kọ aago tí iná pupa ń tàn sínú ìwé ọmọ rẹ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà gbogbo, ó jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń ti orí iná NEPA bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Oníná wa tọ wáyà lọ, ó bá wáyà tí ó wọ ilẹ̀, tí ó ti dẹ̀ nínú àpótí. Sípánà ni àìsàn náà ń fẹ́. Ó fún un le, wọ́n kọ ẹ̀dà tí ó tọ́ sí i, a dán gbogbo ilẹ̀kùn wò. Láti ìgbà náà, wàhálà yẹn ti tán.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Láàárín 1985 sí 1987, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí ń jẹ́ Therac-25 fún aláìsàn mẹ́fà ní ìtànṣán tí ó pọ̀ jù, àwọn kan sì kú. Wọ́n ti yọ ohun ìdènà tí ó wà lára àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣáájú rẹ̀, wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ètò kọ̀ǹpútà nìkan. Ní ìlú Tyler ní Texas, ní 1986, ẹ̀rọ náà dúró, ó kọ “Malfunction 54.” Ìwé ẹ̀rọ kò ṣàlàyé nọ́ńbà náà. Irú rẹ̀ ti di ojoojúmọ́, nítorí náà òṣìṣẹ́ tẹ bọ́tìnì kan, iṣẹ́ ń lọ. A kò dá òṣìṣẹ́ náà lẹ́bi. Àwọn tí ó gbé e síwájú rẹ̀ ni a ń bá wí.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí iná bíréèkì bá tàn nínú ọkọ̀, tí mẹkáníìkì yọ orí bátìrì kí iná lè kú, ṣé bíréèkì ti sàn?

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin ilé iṣẹ́ ti 1987 ní kí a dáàbò bo ibi ẹ̀rọ tí ó léwu. Ó sì kìlọ̀ fún àwa náà kí a má ba ohun ààbò jẹ́. Àdéhùn 155 tí àjọ ILO ṣe ní 1981, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1994, ní a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tí ó rí ìdí gidi láti kúrò níbi ewu ńlá tí ó dé tán.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni kí a máa bèèrè. Kí a tó pa ìrántí rẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà àìsàn, aago, àti ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀. Kí ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó tọ́ wà ní ilé iṣẹ́ pẹ̀lú déètì rẹ̀. Kí a dán gbogbo ilẹ̀kùn àti bọ́tìnì wò lójú òṣìṣẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ inú ẹ̀rọ. Bí àìsàn kan náà bá padà lẹ́ẹ̀kejì, kí a wá gbòǹgbò rẹ̀, kí a má kàn tún pa ìrántí rẹ́.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Wákàtí kan tí iṣẹ́ fi dúró, a lè rí i dá padà. Ìka tí ó bá gé kò ní hù mọ́. Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ fi í sí àpò. A ó padà délé tòun ti ọwọ́ wa méjèèjì o. Àṣẹ.