Bí Agbára Oòrùn Ṣe Ń Dé Ara Ẹ̀dá Gbogbo



Kò sí ẹ̀dá abẹ̀mí tí ó lè rìn, tí ó lè mí, tàbí tí ó lè dàgbà láìsí agbára. Níbo ni agbára yìí ti ń wá? Níbo ni ó sì ń lọ? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, nítorí ẹni tí kò mọ orísun oúnjẹ rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí ó ń bà á jẹ́.

Lára oòrùn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá ti ń rí agbára. Ewéko ni ó ń gba ìtànṣán oòrùn, tí ó sì ń lò ó láti fi omi àti afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ. Ẹran tí ń jẹ ewé gba agbára náà lára ewéko; ẹran tí ń pa ẹran jẹ gbà á lára ajewé. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan a máa ná púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí ìtọ́jú ara rẹ̀. Èyí tí ó bá ná di ooru, kò sì sí ẹ̀dá kan tí ó tún lè kó ooru yẹn jọ kí ó fi ṣe oúnjẹ.

Ọ̀dọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé aráyé. Raymond Lindeman, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí adágún Cedar Bog ní Minnesota. Àwọn kan kọ́kọ́ kọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1942, ó ti kú ní ẹni ọdún 26.

Ní ọdún 1957, Howard Odum gbé ìṣirò jáde lórí omi Silver Springs ní Florida. Ìwọ̀n kìlókálórì ni ó lò, fún mítà kan níbùú àti lóòró, láàárín ọdún kan. Àwọn koríko inú omi náà kó agbára 20,810 jọ. Àwọn fúnra wọn ná 11,977; ó ku 8,833. Èyí tí ó dé ara àwọn ajewé jẹ́ 3,368. Èyí tí ó dé ara àwọn tí ń jẹ ajewé jẹ́ 383. Àwọn ẹja ńlá tí ó wà lókè pátápátá rí 21 péré. Ìdí nìyí tí koríko fi pọ̀, tí apẹranjẹ ńlá sì fi ṣọ̀wọ́n níbi gbogbo.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Bí ewé bá jẹrà, àwọn èròjà inú rẹ̀ padà sínú ilẹ̀, irúgbìn mìíràn sì lò wọ́n. Agbára kì í padà bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni oòrùn gbọ́dọ̀ fúnni ní tuntun, ewéko sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti gbà á.

Nítorí náà, ẹni tí ó ba ìsàlẹ̀ jẹ́ ti fi ebi pa òkè. Ní Silver Springs kan náà, ajílẹ̀ àti omi ẹ̀gbin tí ó ń wọ inú ilẹ̀ ti sọ èròjà náítréètì di púpọ̀ nínú omi náà láti ìgbà ìwádìí Odum, eèhọ̀ sì ń bo koríko tí gbogbo ẹ̀dá ibẹ̀ gbójú lé. Nílé pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sun igbó lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti fi wákàtí díẹ̀ sọ ohun tí ewéko fi oṣù púpọ̀ kó jọ di ooru. Ẹni tí ó da oúnjẹ nù ti da làálàá oòrùn, ti ewéko àti ti àgbẹ̀ nù pọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àjẹìwẹ̀yìn kò yẹ ọmọlúàbí. Ẹ gbin igi, ẹ dá ọwọ́ iná igbó dúró, ẹ má ṣe da ẹ̀gbin sí odò, ẹ má sì bu oúnjẹ ju èyí tí ẹ ó jẹ lọ. Ewé tí ó wà nílẹ̀ ni ó gbé gbogbo ohun tí ó wà lókè ró.