Kí Ilé Tó Ṣíwájú Ojú Irin

Ní 1901 ni ọkọ̀ rélùwéè Èkó gba Agége dé Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó ń kó obì Agége lọ sí Òkè Ọya, èrò sì ń kọ́lé yí ibùdókọ̀ ká.

Ní Alímọ̀ṣọ́, ilé ló ṣíwájú. Ìjọba Jákáńdè kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ́sàn ní Ìpájà, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé rélùwéè ìgboro rẹ̀ ní 1985. Ojú Irin Pupa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024 gba Agége. Kò ya Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ̀dá tàbí Ìgándò.

Bí yóò bá yà wá lọ́la, òní ló yẹ kí ìjọba ya ilẹ̀ ibùdókọ̀ àti ti ilé mẹ̀kúnnù sọ́tọ̀, kí ó sì san ẹ̀tọ́ onílẹ̀, kí ajagungbalẹ̀ tó tà á tán. Ilé tó jìnnà síbi iṣẹ́, ojú ọ̀nà ni owó oṣù onílé ń tán sí.