Kà Á Kí O Tó Gbéra

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà ti Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, 

Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú rí ní Àpápá kí ọdún 2021 tó dé. Tírélà a máa tò láti ẹnu ọ̀nà èbúté títí dé orí afárá Ìjọra. Awakọ̀ a máa sun inú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ẹni tó bá lówó láti fi wá ojúrere ni ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjá. Owó ẹrù wọ́n, ọjà náà sì wọ́n. Ìyá tó ń ta ẹja dídì ní ọjà Boundary mọ̀ ọ́n lára.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, tí à ń pè ní NPA, gbé ìlànà tuntun kan sórí ẹ̀rọ. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún un: Ètò. Onímọ́tò yóò kọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sanwó níbẹ̀, yóò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Inú gáréèjì tí ìjọba fọwọ́ sí ni ọkọ̀ yóò ti dúró títí wọn ó fi pè é, kì í ṣe orí afárá.

Ìlànà yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Awakọ̀ kan wà nínú kíláàsì wa. Nígbà náà, kò tíì mọ̀wé. Ó kó owó fún alárinà kan pé kó bá òun gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà gbé ìwé lé e lọ́wọ́, ó gbéra. Ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíràn ló wà nínú ìwé náà. Ó padà, ó sì tún san owó mìíràn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, kò béèrè A, B, D. Ó ní kí n kọ́ òun ní nọ́ńbà ọkọ̀ òun.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ kò mojú ẹnìkan, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún aránṣọ tó fẹ́ fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é nísinsìnyí. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, báńkì lè sọ pé orúkọ kò bára mu.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa wò nínú ìwé yòówù tí wọ́n bá fún yín: orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún alárinà kankan.

Kí a tó túká, kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ tàbí orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tó jókòó tì í kà á sókè. Bí kò bá tọ̀nà, ẹ tún un kọ.