A Close ti Road Wo? Ọ̀rọ̀ Lórí Àdírẹ́sì Dátábéèsì
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Festac Town

Iṣẹ́ kíkọ ètò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà níjòókòó fi ń jẹun, nítorí náà olùkọ́ tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ lónìí kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Dátábéèsì ni ibi tí ètò ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú rẹ̀. Connection string ni ìlà ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ètò ibi tí dátábéèsì wà àti orúkọ tí yóò dá kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó parí.

Ọmọ Festac kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú yìí nítorí àwọn àlejò FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Avenue ní nọ́ḿbà, Road ní nọ́ḿbà, Close ní lẹ́tà. A Close kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ Road ló ní tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó sì dárúkọ A Close lásán, ìbéèrè kan náà ni awakọ̀ yóò bi í: "A Close ti Road wo?"

Nínú connection string, Avenue ni sáfà. Road ni port, nọ́ḿbà ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà wọlé: SQL Server a máa dúró ní 1433, MySQL ní 3306, PostgreSQL ní 5432. Close ni orúkọ dátábéèsì. Níkẹyìn, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì tí yóò bèèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Ètò tó bá gba 3306 lọ bá SQL Server ti yà sí Road ẹlòmíràn, ó lè kan ilẹ̀kùn títí di alẹ́.

Ibí yìí ni olùkọ́ yìí ti fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ wí díẹ̀. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, ariwo "kò connect" ni wọ́n máa ń pa, wọn kì í ka nọ́ḿbà tó hàn lójú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ MySQL ń sọ ojú abẹ níkòó: 2003 ni pé ètò kò rí ojú ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ sáfà rárá, 1045 ni pé ẹ̀ṣọ́ dá a padà lẹ́nu géètì, 1049 ni pé kò sí Close tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti SQL Server, ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ni 18456. Ìwòsàn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tí géètì dá padà kọ́ ló yẹ kó máa tú wáyà router.

Ìjà àtijọ́ kan tún wà nílẹ̀. Láti ìgbà Visual Basic 6, tó jáde ní 1998, ni olùkọ́ yìí ti ń bá àwọn kan fà á, àwọn tó ní inú ètò gan-an ni kí wọ́n kọ àdírẹ́sì sáfà sí. Òun náà ti wà lára wọn rí. Ó kọ ètò fún oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó sì gbin 192.168.1.5 sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan iná lọ. Nígbà tí iná dé, router pín nọ́ḿbà mìíràn fún sáfà, kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí wọ́n fi ń tajà sì dákẹ́. Àwọn oníbàárà tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó di dandan kí ó padà sílé, kí ó yí nọ́ḿbà ẹyọ kan, kí ó tún ètò náà ṣe látòkèdélẹ̀, kí ó sì gbé CD gba Mile 2 kọjá nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ọjà ọjọ́ kan lọ lọ́wọ́ olówó. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ìta ètò, nínú fáìlì kan, ni àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ máa gbé, níbi tí ọlọ́jà ti lè tún un ṣe. Sáfà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà tí kì í yí.

Àwọn alátakò ní oníbàárà yóò ba fáìlì jẹ́. Ìdáhùn olùkọ́ ni pé kí wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù kékeré fún un, kí bọ́tìnì tó ń dán ìsopọ̀ wò wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní páásíwọ́ọ̀dù fara sin nínú .exe. Irọ́ ni. ILSpy, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á, yóò tú ètò .NET kalẹ̀ títí páásíwọ́ọ̀dù inú rẹ̀ yóò fi hàn. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó kó XAMPP, àkójọ ètò sáfà, bó ṣe wà, root tó jẹ́ alábòójútó láìsí páásíwọ́ọ̀dù, lọ sí ṣọ́ọ̀bù olówó. Ní oṣù Karùn-ún 2002, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Spida ń gba port 1433 kiri ayé, ó ń wá SQL Server tí "sa", orúkọ alábòójútó rẹ̀, kò ní páásíwọ́ọ̀dù. Ó rí wọn.

Alága ìjókòó yìí ti ń wo aago, ó ku ìmọ̀ràn díẹ̀. Kí fáìlì ìsopọ̀ má ṣe wà ní Program Files, torí ẹni tí kì í ṣe alábòójútó kò lè kọ nǹkan síbẹ̀. ProgramData ni kó wà. DPAPI, ohun èlò ìpàrokò inú Windows tó wà láti Windows 2000, ni kí wọ́n fi ti páásíwọ́ọ̀dù pa. Bí Integrated Security, tó ń lo orúkọ tí ènìyàn ti fi wọ Windows, bá ṣeé lò, kò sí páásíwọ́ọ̀dù tí wọn yóò máa pa mọ́ rárá.

Ti pool, àkójọ ìsopọ̀ tí ètò ń tún lò: ọgọ́rùn-ún ìsopọ̀ ni SqlClient, tí ètò .NET fi ń bá SQL Server sọ̀rọ̀, fàyè gbà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i. Kí ọgọ́rùn-ún náà má baà tán, kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ṣí.

Páásíwọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ló yẹ kí wọ́n ṣọ́: òfin ààbò dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, kan nọ́ḿbà fóònù oníbàárà tó wà nínú dátábéèsì ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú.

Ní báyìí, kí àwọn tó gbé láptọ́ọ̀pù wá ṣí ètò tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́, kí wọ́n wá ibi tí àdírẹ́sì sáfà wà nínú rẹ̀.