Ilé Iṣẹ́ Ọnà Ní Ìlá: Ta Ni Yóò Kọ́ni, Ta Ni Yóò Sanwó?

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, Ìlá-Ọ̀ràngún)

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ nínú yín wá gbọ́ lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ́. Akọ̀wé yóò dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni ẹ rán ìgbìmọ̀ wa níṣẹ́ pé kí á wádìí bóyá ó tọ́ kí ẹ̀ka yìí yọ̀ǹda gbọ̀ngàn rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí a lè máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. A lọ, a wádìí, a ti dé. Ohun tí a rí ni pé ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ́ kò jìnnà síra wọn tó bí àwọn kan ti rò.

Àwọn kan ti bi wá pé, kí ni ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ọnà? Wọ́n ní nǹkan àwọn ọ̀mọ̀wé ni, tàbí ti òyìnbó tó ń ra ère. Kí á tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rìn dé Òṣogbo.

Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti J. P. Clark, pẹ̀lú Ulli Beier tó jẹ́ ará Jámánì, dá Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Ilé àwọn ọmọ yunifásítì ni ìyẹn, a kò sì bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, ọmọ Òṣogbo tí ó ti ṣe tíṣà rí, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Beier, wọ́n sì sọ ilé ọtí tí Ládiípọ̀ ní di ilé eré àti ilé àfihàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Àwọn ará Òṣogbo kò dúró béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n pè é ní Mbárí-Mbáyọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní ‘ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀’. Láti ọjọ́ náà ni ilé náà ti di tiwọn.

Ẹ wo àwọn tó wọ ibẹ̀, àti àwọn tó ṣiṣẹ́ ọnà yí i ká. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ni ó ń bójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀. Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí, òṣèré ni wọ́n. Táíwò Ọláníyì tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ijó ni ó ń jó fún ẹni tó ń ta oògùn kiri nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ kan Òṣogbo. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Sìmẹ́ǹtì tí ó fi ń mọ ilé náà ni ó fi ṣe ọnà ara ògiri nínú igbó Ọ̀ṣun, nígbà tí ó ń bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́, igbó tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo àgbáyé ní 2005. Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè lu irin líle mọ́, ó yí sí bàbà àti páànù, ó ń lù wọ́n, ẹranko àti igi àti ènìyàn sì ń jáde lára wọn.

Oníṣẹ́ iná, bíríkìlà, alágbẹ̀dẹ! Bí a bá pe orúkọ wọn nínú ìpàdé yìí, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ owó oṣooṣù ni a ń pè. Ìdáhùn wa nìyẹn sí àwọn tó ní kò kàn wá.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ wọn? Denis Williams, ará Guyana, ni ó kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní 1962 àti 1963. Ní 1964, Georgina Betts, tí ó padà di ìyàwó Beier, ṣe èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà, wọ́n fún wọn ní ohun tí wọn yóò kùn ún sí, wọ́n sì fún wọn ní àyè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ya nǹkan, wọn kì í ní kí ó wá wo ti ẹlòmíràn kí ó dà á kọ. Lẹ́yìn náà, àwọn tó fi hàn pé nǹkan wà lọ́wọ́ wọn rí ibi tí wọ́n ti lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Apá ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Òṣogbo. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi rin ọ̀nà náà.

Wàyí o, Ìlá kì í ṣe Òṣogbo. Kò sí ẹni tó nílò láti wá sọ fún wa pé a lè ṣe ọnà. Ìdílé Fákẹ́yẹ ń gbẹ́ igi níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Lámídì Fákẹ́yẹ tí wọ́n bí ní Ìlá ní 1928, ìran karùn-ún gbẹ́nàgbẹ́nà ni nínú ìdílé náà. Ilé baba rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, síbẹ̀ ó tún lọ tẹrí ba lábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Ọ̀gá náà ni Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógún ará Òsì, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll àti Seán O'Mahoney, ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Ọdún 3 ni Lámídì lò níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lóṣù méjì kí ẹ sì ṣe fúrídọ̀mù lóṣù kẹta, ẹ gbọ́ o.

Nítorí iṣẹ́ yìí ní ìpele. Ẹni tó bá ti jókòó ní ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà yóò mọ̀ ọ́n. Ọnà lílé ni ó ṣáájú, nígbà tí àáké bá ń la orí àti àyà àti ẹsẹ̀ jáde lára ìtì igi. Alétúnlé ni ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ojú, etí àti ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn èyí ni dídán, kí ara ère lè jọ̀lọ̀. Fínfín ni ó kẹ́yìn, ìyẹn ni fífi ọ̀bẹ fín irun, ìlà ojú àti ọnà aṣọ sí i. Ọmọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọnà lílé. Ọ̀gá ni ó máa ń lé e, nítorí àṣìṣe tí a bá ṣe níbẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Ibi dídán àti fínfín ni ọmọ ti ń mọ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa ti ní ètò ẹ̀kọ́ kí ìjọba tó gbé tirẹ̀ dé.

Láti 1978, Lámídì ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ère Odùduwà ńlá tó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀, òun ni ó gbẹ́ ẹ ní 1987. Ní 2006, UNESCO bọlá fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣúra ènìyàn alààyè. Ó kú ní ọjọ́ Kérésìmesì, 2009.

Àwọn alàgbà kan nínú yín bá wa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé ère gbígbẹ́, òrìṣà bíbọ ni. A fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn. Mùsùlùmí ni Lámídì. Fádà ni ó gbà á síṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́. Ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbẹ́ fún ìjọba, ó gbẹ́ fún yunifásítì. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, kì í ṣe àwòrò. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ ìlẹ̀kùn àti àga oyè nìkan, kó wí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Láìpẹ́ yìí, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ lọ wo àfihàn kan ní ìlú ńlá kan. A rí òpó kan tí a gbẹ́ dáadáa. Bébà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọ irú igi, ó kọ gíga rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹni tó yá wọn. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ wà, wọ́n kọ ‘Yorùbá’. Yorùbá ni orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà! Bí wọ́n bá kọ ‘òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀’ sórí ìwé owó oṣù yín dípò orúkọ yín, ṣé ẹ óò gbà á?

Kì í ṣe pé a kò mọ orúkọ wọn nílé. Àwọn baba wa mọ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bí wọ́n ti mọ ohùn ọmọ wọn, wọ́n sì ń ki ọlọ́wọ́ ọnà ní oríkì. Àwọn tó kó ère lọ ni kò béèrè. Nígbà tí àwọn olùwádìí bíi Carroll, William Fagg, àti John Pemberton tó wá ṣiṣẹ́ ní Ìlá níhìn-ín béèrè, wọ́n rí orúkọ kọ sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sọnù lára iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ náà ti sọnù, nítorí kò sí ẹni tí oníbàárà yóò padà wá bá.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ wa ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ fẹ́ kí á kọ́ ilé tuntun, kí á pe àwọn èèkàn wá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àwa tó pọ̀ jù kọ̀. Òkúta ìpìlẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni ó ń sùn lé wọn. Gbọ̀ngàn wa ṣófo ní gbogbo Sátidé, ó ní òrùlé, ó ní bẹ́ǹṣì. Ìsọ̀ ni Fákẹ́yẹ lò, ilé ọtí ni Ládiípọ̀ lò.

Ọ̀gá tó bá wá kọ́ àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ gba owó ọjọ́ rẹ̀ kó tó kúrò nínú ọgbà, kí a tó ra búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. A kò fẹ́ ‘ẹ fún bàbá ní nǹkan’. Owó iṣẹ́ ni, kí akápò kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó iṣẹ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ní owó ẹ̀kọ́, kó wọlé. Ní Òṣogbo kan náà, Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ láìgba owó ẹ̀kọ́, ilé náà kò sì wó. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ bí a ti ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ kí á tó rẹ ẹ́ sínú aró, ọ̀gá ni ẹ̀yin náà, iye kan náà ni ó sì yẹ kí ẹ gbà pẹ̀lú gbẹ́nàgbẹ́nà.

A ronú lórí ewu pẹ̀lú. Àáké kì í mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin. Kó máa ya àwòrán, kó máa kọ́ àdìrẹ, kó máa lu ìlù. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa nínú gbọ̀ngàn, àpò ẹ̀ka ni yóò san owó ìtọ́jú. Akápò ti fajú ro sí èyí, ṣùgbọ́n a kò lè máa bá àwọn agbanisíṣẹ́ jà lórí ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ kí àwa náà sì máa sá fún tiwa.

Ní òpin ọdún, kí á ṣe àfihàn, ní ọjọ́ ọjà, kí á ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn sílẹ̀ kí aláta àti aláṣọ lè wọlé láìgba ìwé ìpè. Lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí á kọ orúkọ ọmọ tó ṣe é, orúkọ ọ̀gá rẹ̀, àti iye rẹ̀. Bí wọ́n bá ta á, owó igi nìkan ni kí ẹ̀ka yọ. Ìyókù, ti ọmọ àti ọ̀gá ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí dùndún àti bàtá dún. Muráínà Oyèlámì, tí òun náà wọ Mbárí-Mbáyọ̀ ní 1964, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù wọ̀nyí ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, Ìrágbìjí, tí kò jìnnà sí wa.

Ohun kan kù tí a fi ń pe akíyèsí yín. Ní 1967, Beier ti wà ní Papua New Guinea. Ládiípọ̀ kú ní 1978. Ilé tó bá dúró lé ẹni méjì lórí yóò mì bí wọ́n bá lọ. Ìdí nìyí tí a kò fi fẹ́ kí ilé yìí jẹ́ ti alága tàbí ti ìgbìmọ̀ wa. Ẹ̀ka ni kó ni ín, kí ìpàdé gbogbogbòò sì máa gbọ́ ìṣirò owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún.

Ìwé tí a óò kọ orúkọ àwọn ọmọ sí wà lọ́wọ́ igbákejì akọ̀wé. Ẹni tó bá ní igi lóko tó fẹ́ gé, kó jọ̀wọ́ sọ fún wa kó tó tà á fún onípákó. Igi tútù ni gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń fẹ́, kì í ṣe pákó gbígbẹ tí káfíńtà ń wá. Ìbò lórí gbọ̀ngàn di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. A ti jókòó. Kí akọ̀wé wá sọ ti owó oṣù.