Ǹjẹ́ Owó Ẹ̀kọ́ Ètò Ààbò Ń Padà Wálé?



Àwọn kan nínú yín ń bi mí bóyá kí ọmọ wọn lọ ka ètò ààbò. Àkọ́bí mi kà á ní yunifásítì aládàáni kan. Ilẹ̀ tí mo fi pamọ́ de ìfẹ̀yìntì ni mo tà fi san án. Ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó jókòó tì mí nílé fún ọdún méjì, kí ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọlọ́dẹ fún báńkì tó gbà á. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí yín!)

Ohun tí n kò béèrè nìyí. Ẹni tó fi ìwé mẹ́wàá wọṣẹ́ ọlọ́pàá, kọ́ńsítébù ni. Ẹni tó ní dìgírì lè wọlé bíi kádẹ́ẹ̀tì ASP. Ṣùgbọ́n wọn kò ní dandan kó jẹ́ dìgírì ètò ààbò. Wọ́n ń gba ẹni tó ka òfin, akáńtì àti kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, tó ń fi owó oṣù kà á ní Open University, irú wọn ló ń jèrè rẹ̀ jù, lójú tèmi.

Àbúrò rẹ̀ ní òun náà fẹ́ kà á. Ilẹ̀ wo ni n ó tún tà? Mo ní kó gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́pàá ní Wudil, ní Kano, tó ń fúnni ní dìgírì. Bí kò bá rí i wọ̀, akáńtì, ní yunifásítì ìjọba.